Màmá Míìsì àti Àyè Kan Ṣoṣo Nínú Àgbàlá

Káfíńtà tó ń kan pósí dá iye kan lé mi lórí lóṣù tó kọjá, mo ní kó tún un sọ, torí mo rò pé etí mi ló ti ń di. Ó tún un sọ. Nígbà tí mo jáde ní yunifásítì, iye yẹn ì bá ra gbogbo òpópónà wa ní Ìta Fájì, pẹ̀lú àwọn tó ń gbé ibẹ̀ àti àwọn ewúrẹ́ wọn. Tọ́rọ́ la fi ń wọ ọkọ̀ ojú omi láti Marina lọ sí Àpápá nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Búrẹ́dì oní-sísì a máa yó ọmọ mẹ́ta, wọ́n á tún jà lórí èyí tó bá kù. Owó oṣù àkọ́kọ́ tí mo gbà lẹ́nu iṣẹ́, tí mo gbé fún ìyá mi tó fi jó yí àgbàlá ká, ẹyin adìyẹ kan ṣoṣo ni yóò rà lónìí, bí inú ẹlẹ́yin bá sì dùn lọ́jọ́ náà ni.

Mo ń ro gbogbo èyí fún káfíńtà náà. Ó fi apá nu òógùn ojú rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ kú orí ire tí ẹ rí ayé yẹn. Pósí ńkọ́? Ṣé ẹ máa rà á ni, àbí ẹ ṣì fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ búrẹ́dì?"

Mo rà á. Màmá Míìsì ti wà ní yàrá òtútù, kò sì fẹ́ràn ẹni tó bá ń pẹ́ dé.

Màmá Míìsì ni gbogbo Ìta Fájì ń pe àbúrò ìyá ìyá mi. Míìsì ni àwọn ọmọ ilé ìwé ń pe olùkọ́ obìnrin láyé ọjọ́un. Nígbà tó dàgbà, wọ́n fi Màmá ṣáájú rẹ̀. Ó ṣe tíṣà, ó di ọ̀gá ilé ìwé, ó di alága káńsù, obìnrin tó kọ́kọ́ jókòó lórí àga náà, ó sì fi aṣojú orílẹ̀-èdè wa nílẹ̀ òkèèrè parí rẹ̀. Ó ti kọjá àádọ́rùn-ún ọdún dáadáa kí ó tó kú. Kò bímọ. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi Àbẹ̀kẹ́ wà lára ọmọ-ọmọ rẹ̀, nítorí ọmọ-ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹni, ọmọ-ọmọ ẹni ni.

Kí ó tó kú, ó sọ ibi tó fẹ́ kí a sin òun sí: inú àgbàlá ilé wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, níbi tí àyè òkú kan ṣoṣo kù sí. Èmi ni ọkùnrin tó dàgbà jù nínú ẹbí, ẹnu mi ni gbogbo ilé ń wò. Kí n tó sọ èsì tí mo fún wọn, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tó jẹ́. N kò ní sọ gbogbo rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ fún ìsìn òkú, tí fọ́tò rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín níwájú. N kò mọ ibi tí wọ́n ti rí fọ́tò tó ń rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ilé ìwé rẹ̀, ìyá mi fi fáṣílìn pa mí lójú títí mo fi ń dán bí àwo. Ó ní, "Má sunkún o. Màmá rẹ ló ni ilé ìwé." Mo gba ìyẹn gbọ́. Bí mo ti rí Màmá Míìsì lẹ́nu géètì, nínú gáùn funfun, pẹ̀lú pàṣán lábẹ́ abíyá, mo sáré, mo dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, mo ń pariwo, "Màmá! Màmá!" Gbogbo ọmọ dúró. Ó wò mí láti òkè. Ó tú ọwọ́ mi kúrò lára gáùn rẹ̀, ìka kan tẹ̀lé òmíràn, bí ẹni tó ń já eèmọ́ kúrò lára aṣọ. Ó yíjú sí tíṣà tó dúró tì í, ó ní, "Ọmọ ta ni èyí?"

Tíṣà náà mọ̀ mí; ó ti jẹun nílé wa rí. Ó dojú bolẹ̀. Mo ní láti sọ orúkọ mi, orúkọ bàbá mi àti àdúgbò mi lójú gbogbo ilé ìwé kí n tó wọlé. Nírọ̀lẹ́, nínú pálọ̀ wa, ó gbé mi lé itan, ó ń fi bisikíìtì sí mi lẹ́nu. Mo pa ẹnu dé. Ó ní: "Nílé ni mo ti jẹ́ màmá rẹ. Bí mo bá jẹ́ ẹ níbẹ̀ yẹn, ta ni yóò jẹ́ míìsì àwọn tó kù?"

Ẹ má rò pé ìyà lásán ló ń fi jẹ wá. Ó kọ́ wa. Bí ẹ bá wọ báńkì ní Marina láyé ìgbà náà, tí ẹ rí akọ̀wé tó ń ro ìṣirò láìka ìka, ẹ bi í léèrè, ọmọ Màmá Míìsì ni. Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì wa, Káyọ̀dé, tí ìwé kò wọ orí rẹ̀. Pàṣán kò ràn án. Màmá Míìsì bá lọ pe àbúrò Káyọ̀dé obìnrin láti kíláàsì ìsàlẹ̀, ó ní kí ó máa wá kàwé fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níwájú wa láràárọ̀. Ìtìjú kọ́ Káyọ̀dé ní ohun tí pàṣán kò lè kọ́ ọ. Ó di dókítà. Nígbà tó fi mọ́tò rẹ̀ tuntun wá kí Màmá Míìsì, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Ẹ ṣeun, mà." Èmi ni mo bi í pé àbúrò rẹ̀ ńkọ́. Ó ní àwọn kì í bá ara àwọn sọ̀rọ̀, láti kékeré. Lẹ́yìn tó lọ tán, mo wo ojú Màmá Míìsì. Ó ń gé mọ́ínmọ́ín rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ àti fọ́ọ̀kì, bó ṣe máa ń jẹ gbogbo nǹkan. Ó ní: "Mo ṣèlérí pé yóò mọ̀wé. Mi ò ṣèlérí pé yóò ní àbúrò."

Ìdílé Àgùdà ni wá. Bàbá àgbà Màmá Míìsì ti Bràsíìlì bọ̀. Bíríkìlà ni, òun ló kọ́ pẹ́tẹ́ẹ̀sì tí a ń gbé. Ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, ilé Àgùdà a máa se fùréjọ̀n, ẹ̀wà tí a lọ̀ kúnná tí a fi omi àgbọn sè, a ó sì bù ú ránṣẹ́ sí aládùúgbò. Ìyá Sísílíà tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní ìwà kan: ẹnu ọ̀nà wa ló ń da omi ìfọṣọ rẹ̀ sí. Màmá Míìsì bá a jà lẹ́ẹ̀kan, kò jà lẹ́ẹ̀kejì. Ọjọ́ Ẹtì Rere dé, ó fọ abọ́ tánńganran kan, ó nù ún gbẹ, ó fi aṣọ funfun oníléèsì bò ó, ó ní kí Àbẹ̀kẹ́ gbé e lọ fún Ìyá Sísílíà. Obìnrin náà gbà á tayọ̀tayọ̀, ó súre, ó ṣí i. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Lọ́dọọdún ló ń fi abọ́ òfìfo ránṣẹ́ sí i, títí obìnrin náà fi kú. Mo sọ fún un nígbà kan pé ì bá kúkú sàn kí ó má fi nǹkan kan ránṣẹ́. Ó ní: "Bí mi ò bá fi nǹkan ránṣẹ́, yóò rò pé mo gbàgbé òun."

Àrùn onígbáméjì ló gbé e dé ìdí òṣèlú. Ọdún kan, àrùn náà wọ àdúgbò wa, ó sì mú ọmọ lọ nínú ilé ìwé rẹ̀. Ó tẹ̀lé àwọn wolé-wolé, àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó tó máa ń yẹ ilé wò, wọ́n jọ ń lọ láti kànga dé kànga. Láyé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó ló ń sin òkú wọn sínú àgbàlá, kànga a sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè. Àwọn dókítà ní ohun tó wà nínú ilẹ̀ ń rìn lọ sínú omi. Màmá Míìsì fi ilé ìwé sílẹ̀, ó gbé àpótí ìbò. Kò ṣèlérí títì, kò ṣèlérí iná. Ó gun orí àga ní Ìta Fájì, ó sọ fún àwọn ènìyàn: "Ẹ ti sin bàbá yín tán, ẹ sì tún ń mu ún."

Àwọn kan sọ òkò. Àwọn ìyá tí ọmọ wọn kú dìbò fún un.

Ní káńsù, aago ilé ìwé ló fi ń pe ìpàdé. Ẹni tó bá pẹ́ dé, ìbáà jẹ́ olóyè, ẹ̀bá ògiri ni yóò dúró sí títí ìpàdé á fi parí. Ọkùnrin kan nínú wọn, tó ní ìsọ̀ ńlá ní Ọjà Balógun, dúró síbẹ̀ títí inú bí i. Ó ké láti ẹ̀bá ògiri pé, "Obìnrin tí kò bímọ, kí ló mọ̀ nípa ọmọ ìlú?" Màmá Míìsì bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún. Ó ní: "Ọmọ yín mẹ́ta ni mo kọ́ ní Á, Bí, Dí. Méjì ò mọ̀ ọ́n títí mo fi fi ibẹ̀ sílẹ̀. Èwo lẹ fẹ́ kí n yá lọ́wọ́ yín?" Wọ́n ní ọkùnrin náà kò pẹ́ dé mọ́.

N kò lè sọ̀rọ̀ rẹ̀ kí n má sọ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìyá ìyá mi, tí a ń pè ní Ìyá Aláṣọ. Léèsì àti àǹkárá ló ń tà ní Balógun. Ìyá wọn kú nígbà tí Màmá Míìsì ṣì ń mu ọmú. Ìyá Aláṣọ ti lọ́kọ, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìyá mi. Ó fi ọmú ọ̀tún fún ọmọ rẹ̀, ó fi ti òsì fún àbúrò rẹ̀. Ẹ̀yìn kan náà ló gbé àwọn méjèèjì. Nígbà tí owó kò ká ọmọ méjì mọ́, àbúrò rẹ̀ ló rán lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ìyá mi ló mú lọ sí ìsọ̀. Ìyá mi kò mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà títí ó fi kú. Mo bi Ìyá Aláṣọ ìdí tó fi yàn bẹ́ẹ̀. Ó ń wọn aṣọ, kò gbójú sókè. Ó ní: "Ọmọ mi ní ìyá. Òun ò ní."

Ìyá tiwọn wà nínú àgbàlá wa, lábẹ́ òkúta pẹlẹbẹ kan nítòsí ògiri, pẹ̀lú bàbá wọn àti bàbá àgbà wọn tó jẹ́ bíríkìlà. Àyè ẹnì kan ló kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá Aláṣọ ti sọ ọ́ di ibi ìjókòó rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń ká aṣọ tó bá ti ọjà dé, ibẹ̀ ló ti ń di irun fún Àbẹ̀kẹ́.

Ohun àkọ́kọ́ tí Màmá Míìsì ṣe lórí àga ni òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sin òkú sínú ilé mọ́. Ọdún yẹn gan-an ni àìsàn dá Ìyá Aláṣọ dùbúlẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, ó ní kí a gbé òun wá sí àgbàlá. Ìyá mi wà níbẹ̀, èmi náà wà níbẹ̀; Àbẹ̀kẹ́ ń gé èékánná fún un. Màmá Míìsì ti káńsù dé. Ìyá Aláṣọ fi ọwọ́ pa ilẹ̀ tó jókòó lé.

"Àbíkẹ́yìn mi, ibí ni kí ẹ gbé mi sí o. Kí n lè máa fi ẹsẹ̀ kan ìyá mi."

Màmá Míìsì kò fọhùn. Ó tú gèlè rẹ̀, ó ká a, ó tú u, ó tún un ká.

Nínú ilé wa, àbúrò kì í sọ pé rárá fún ẹ̀gbọ́n lójú. Bí ọ̀rọ̀ kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò rán àgbà mìíràn lọ bá a sọ ọ́ lẹ́yìn. Bí ó bá dákẹ́, tí kò rán ẹnikẹ́ni, ó ti gbà nìyẹn. Bí a ṣe tọ́ gbogbo wa nìyẹn, bí a sì ṣe tọ́ Màmá Míìsì náà nìyẹn. Ó dákẹ́, kò sì rán ẹnikẹ́ni. Ìyá Aláṣọ rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "O ṣé, Alága mi." Inú ìdùnnú yẹn ló wà títí ó fi kú.

Àwọn ọkùnrin ilé bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ sàréè. Ó ti jìn dé ìbàdí nígbà tí wolé-wolé méjì wọlé nínú kakí wọn. Wọ́n ní Alága ló rán àwọn. A rò pé wọ́n wá bá wa kẹ́dùn ni. Ìyá mi ní kí wọ́n bu omi tútù fún wọn. Wọn kò mu ún. Lẹ́yìn wọn ni Màmá Míìsì wọlé nínú aṣọ dúdú.

Ó ní, "Ẹ kún un padà."

Ìyá mi ní, "Àǹtí, kí lẹ wí?"

"Ẹ kún sàréè yìí padà."

"Ẹ dákẹ́ nígbà tó ń sọ ọ́ fún yín! Gbogbo wa la jọ wà níbí!"

"Mo dákẹ́. Ta ló gbọ́ bẹ́ẹ̀ ni lẹ́nu mi?"

Àwọn agbẹ́lẹ̀ ń wojú ara wọn, kò sẹ́ni tó mira. Màmá Míìsì gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ èyí tó sún mọ́ ọn jù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó iyẹ̀pẹ̀ padà sínú ihò náà fúnra rẹ̀. Bàtà onígìgísẹ̀ ló wọ̀, ó ń rì wọlẹ̀, ó ń fà á yọ. Òkú Ìyá Aláṣọ wà nínú pálọ̀, fèrèsé sì ṣí sílẹ̀. Ìyá mi dì mọ́ ọn lẹ́yìn, ó ń bẹ̀ ẹ́, ó ń fi orúkọ ọmú tí wọ́n jọ mu bẹ̀ ẹ́. Ó já ara rẹ̀ gbà. Ó kún ihò náà títí ilẹ̀ fi dọ́gba, ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ó dá ṣọ́bìrì padà fún ẹni tó ni ín, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ìyá mi, ó ní: "Bí mo bá gba òkú tèmi láyè, òkú ta ni mo fẹ́ lé?"

A gbé Ìyá Aláṣọ lọ sí itẹ́ òkú gbogbogbòò, sáàrin àwọn tí kò mọ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, wọ́n sin ẹlòmíràn lé e, wọ́n tún sin ẹlòmíràn lé ìyẹn. Nígbà tí mo wá a lọ kẹ́yìn, mi ò rí i. Òtítọ́ ni pé onígbáméjì kò pa ọmọ kankan mọ́ ní ilé ìwé náà. Mo sọ ọ́ fún ìyá mi lọ́jọ́ kan, bóyá yóò tù ú nínú. Ó ní òun kò rán ọmọ lọ sí ilé ìwé náà mọ́.

Ìròyìn ṣọ́bìrì yẹn rìn jìnnà. Àwọn tó wà nípò gbọ́ ọ. Wọ́n ní obìnrin tó lè lé òkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jáde, kò sí òyìnbó tó lè fi ẹ̀rín tàbí ọtí mú un. Bó ṣe di aṣojú nìyẹn. Gbogbo àdúgbò bá a yọ̀. Àbẹ̀kẹ́ nìkan ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Òkú Ìyá Aláṣọ lẹ fi ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú yẹn, Màmá. Ẹ jókòó síbi fèrèsé, kí ẹ lè máa wo sàréè rẹ̀."

Mo lọ kí Màmá Míìsì nígbà kan ní ìlú olótùútù tí wọ́n gbé e lọ. Ó ti ní ọ̀rẹ́ kan níbẹ̀, Sàlmá, ará Palẹstínì, tó ń ṣojú àwọn ènìyàn rẹ̀. Tíṣà ni Sàlmá náà ti jẹ́ rí. Ó ti ṣe olórí ìlú rẹ̀ kí ó tó di aṣojú, òun ló sì tún omi ìlú náà ṣe. Bí ìbejì ni wọ́n rí, ohùn tíṣà kan náà, ìjókòó gbọọrọ kan náà. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ pàdé, Sàlmá ní kí n na ọwọ́ mi, ó wo èékánná mi, ó ní mo mọ́ tónítóní. Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún.

Mo ṣì wà lọ́dọ̀ wọn nígbà tí ìyá Sàlmá kú lẹ́yìn odi. Ohun tó fẹ́ ni kí wọ́n sin òun ti ọkọ òun ní abúlé wọn, lábẹ́ àwọn igi ólífì. Àwọn tó ń ṣọ́ ẹnubodè kò jẹ́ kí òkú kọjá. Mo rí Màmá Míìsì nínú yìnyín, ó ń lọ láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì nítorí òkú náà. Ó ń bẹ aṣojú yìí, ó ń bá tọ̀hún jà, ó ń lu tábìlì onítábìlì. Mi ò rí i kó bẹ ẹnikẹ́ni rí. Wọn kò gbà. Ìlú àjòjì ni wọ́n sin ìyá náà sí. Lójú oórì, Màmá Míìsì gbá Sàlmá mọ́ra, omijé ń dà lójú rẹ̀ pòròpòrò, ó ń sọ fún un pé ìkà gbáà ni.

Nínú mọ́tò, mo ní, "Màmá, Ìyá Aláṣọ ńkọ́?"

Ó nu ojú rẹ̀. Ó ní: "Níbí, èmi ni mò ń bẹ̀bẹ̀. Nílé, èmi ni mo wà lórí àga. Ẹni tó wà lórí àga kì í wo ojú òkú."

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó padà sí Ìta Fájì, ó ń gbé lókè pẹ́tẹ́ẹ̀sì, kò sì rọ̀. Láti ojú fèrèsé ló ti ń bá àwọn tó ń tajà lábẹ́ ilé wa wí. Ó ké sí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ta bàtà lọ́jọ́ kan: "Ìwọ yìí, ta ló kọ́ ọ ní ìṣirò?"

"Grandma, kò sẹ́ni tó kọ́ mi o, mo sì ń jẹun!"

"Ó hàn," ló ní, ó sì ti fèrèsé.

Lọ́dún tó kọjá, ó ní kí n mú òun sọ̀kalẹ̀ sí àgbàlá. A rọra ń sọ̀kalẹ̀, àtẹ̀gùn kan lẹ́yìn òmíràn. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ gún ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta ìyá rẹ̀.

"Dípọ̀, ibí ni kí ẹ gbé mi sí."

Mo ní, "Òfin yín ńkọ́, Màmá?"

"Mi ò sí lórí àga mọ́. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ ni kó wá lé mi."

Ó rẹ́rìn-ín. Eyín kò sí lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Mo dákẹ́, mo ń wo ilẹ̀. Ó dúró kí n fọhùn. Ó mọ ohun tí ìdákẹ́ ọmọ jẹ́ nínú ilé wa, ó sì mọ ohun tí òun fi ṣe lọ́jọ́ kan. Mo rí i tí ẹ̀rín náà ń kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó di apá mi mú kí a máa gòkè padà. Ó ní: "Ó ti yé mi. Èmi ni mo kọ́ ọ."

Kò tún sọ ọ́ fún mi mọ́. Rẹ̀mí ló lọ sọ ọ́ fún. Ọmọ àbúrò ìyá mi ni Rẹ̀mí, lọ́yà ni. Wọn kò tíì bí i nígbà tí Ìyá Aláṣọ kú. Lẹ́yìn tí Màmá Míìsì kú, a jókòó nínú pálọ̀, àwa mẹ́ta.

Rẹ̀mí ní, "Bọ̀dá, kò sí wàhálà nínú ẹ̀. Mo mọ èèyàn ní káńsù, wọ́n á fún wa ní ìwé àṣẹ. Kànga gan-an ti di, omi ẹ̀rọ la ń mu. Ta ló máa pa lára?"

Àbẹ̀kẹ́ ní, "Tí ẹ bá sin ín síbẹ̀, ẹ má pè mí wá sílé yìí mọ́ láyé."

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́. Aṣojú orílẹ̀-èdè ni. Àwọn èèyàn ńlá ń bọ̀. Kí la fẹ́ sọ fún wọn?"

"Sọ fún wọn pé ó mọ ọ̀nà itẹ́ òkú. Òun ló júwe ẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n ẹ̀."

"Ẹni tó ti kú, Àǹtí!"

"Ìyá Aláṣọ ńkọ́? Ṣé ó sùn ni?"

Àwọn méjèèjì yíjú sí mi. Màmá Míìsì ló san owó yunifásítì mi. Ọ̀rọ̀ tí mo ń tò yìí, òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń tò ó. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì sọ ìyẹn fún wọn. Lẹ́yìn náà ni mo ní, "Itẹ́ òkú la ń gbé e lọ."

Rẹ̀mí wò mí títí. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ má bínú. Ṣé òfin lẹ fẹ́ tẹ̀lé ni, àbí ẹ̀san lẹ̀ ń gbà?"

Mo ní, "Ẹ̀san ni."

A sin ín lọ́jọ́bọ̀, sáàrin oníṣòwò kan àti ìyàwó ilé kan tí kò mọ̀ rí. Àwọn èèyàn ńlá wá, wọ́n sọ̀rọ̀ dáadáa nípa iṣẹ́ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó béèrè ìdí tí kò fi sí nínú àgbàlá bàbá rẹ̀. Nígbà tó kàn mí láti bu iyẹ̀pẹ̀ lé e, mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan, mo dà á lé e, mo sì nu ọwọ́ mi.

Nínú àwa tí a wà lójú sàréè Ìyá Aláṣọ lọ́jọ́ tí wọ́n kún un padà, ìyá mi ti lọ. Àwọn agbẹ́lẹ̀ ti lọ. Wolé-wolé àgbà ti lọ. Èkejì rẹ̀ wà ní Ṣómólú, ọmọ rẹ̀ fi kẹ̀kẹ́ arọ tì í wá síbi ìsìnkú, a gbé oúnjẹ fún un, kò fọwọ́ kàn án. Sàlmá, tí kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, n kò mọ̀ bóyá ó ṣì wà; nọ́ńbà tí a ní kò lọ mọ́. Àbẹ̀kẹ́ wà, láti ọjọ́ ìsìnkú ló ti ń sùn dáadáa. Èmi náà ṣì wà.